Ta Ni Kí Màámi Pè?

Ojoojúmọ́ ni mò ń bi àwọn èèyàn pé ta ni ká pè bí nǹkan bá ṣe wọ́n. Iṣẹ́ mi ni. Iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Àkrà ni mo wà, bí oníbàárà bá sì fi àyè ìbéèrè yẹn sílẹ̀ lófìfo, èmi ni mo máa ń dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Báwo ni odidi àgbàlagbà ṣe máa jókòó níwájú mi tí á máa họ orí, tí kò mọ ẹni tó máa sáré wá bí òun bá ṣubú? Àṣé ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà dé bá mi nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n lọ sí Kùmásí lọ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun níṣẹ́, kí n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọkọ mi ò sí nílé. Ojú òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wa epo lápá Tákórádí, bí ó bá sì ti wọ ibẹ̀, fóònù rẹ̀ ò ní í lọ mọ́ títí yóò fi padà sórí ilẹ̀. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni màá fi sílẹ̀, gìrì sì máa ń gbé ọmọ náà. Ibà ló máa ń kọ́kọ́ dé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná kọjá ààlà, ojú rẹ̀ á yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jà, á sì gan mọ́ mi lọ́wọ́. Dókítà ní kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pé bí ó bá dàgbà díẹ̀ sí i, á fi í sílẹ̀. Dókítà lè sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ tiẹ̀ ni ọmọ ń gan mọ́.

Ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni Màámi. Ọjà Mádínà, ládùúgbò wa ní Àkrà, ni mo ti pàdé wọn, lọ́dún tí a kó dé ìlú yìí. Mò ń bá ẹlẹ́ran fa ọ̀rọ̀ lórí pọ̀nmọ́, tí wọ́n ń pè ní wele níbí, mo sì bú u ní Yorùbá lábẹ́ ẹnu, nítorí mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Ni ìyá àgbà kan tó wọ ìborùn funfun bá yíjú padà, tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ wa, ẹnu ẹ mú paa!" Mámobì, ní Àkrà níbí, ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sin ọkọ wọn. Wọn ò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí, àmọ́ Yorùbá ẹnu wọn dùn ju tèmi lọ, bí wọ́n tiẹ̀ ń fi Haúsá àti Twi là á. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ trotro wá sílé wa láràárọ̀, tàwọn ti kóòkò, ògì gbígbóná inú ọ̀rá, àti kóse, bí wọ́n ṣe ń pe àkàrà níbí. Màámi ni mò ń pè wọ́n, Ìyá Ọmọ ni wọ́n ń pè mí, ó sì tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo mú báírò àti bébà, mo jókòó sídìí tábìlì. Ohun tí mo fẹ́ kọ ò ju àwọn tí Màámi lè pè lọ, bí ara ọmọ bá yí padà tí wọn ò sì rí mi. Mo ṣí fóònù mi. Èèyàn kún inú rẹ̀ bámúbámú. Àwọn ọ̀rẹ́ ilé ìwé wà níbẹ̀, àwọn ẹbí tó jẹ́ pé ìgbà ọdún nìkan la máa ń kí ara wa, ẹni tó ń dirun fún mi nígbà tí mo wà ní Ṣómólú, ẹni tó ta ilẹ̀ fún wa ní Ìbàdàn. Mò ń fi àtàǹpàkò tì wọ́n lọ sókè, ọkàn mi sì ń rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀díẹ̀. Nàìjíríà ni gbogbo wọn wà. Bí ọmọ mi bá ń gan ní Mádínà, kí ni onílẹ̀ Ìbàdàn fẹ́ ṣe sí i?

Mo kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà tèmi. Mo kọ ti ọkọ mi sábẹ́ rẹ̀, bí mo sì ṣe ń kọ ọ́ ni mo mọ̀ pé mo kàn ń fi kún bébà ni. Mo kọ ti ìyá mi. Bí wọ́n bá pe ìyá mi, wọ́n á kọ́kọ́ figbe ta, wọ́n á wá ju fóònù sílẹ̀, wọ́n á sì kúnlẹ̀ àdúrà. Mi ò kóyán àdúrà ìyá mi kéré o, àmọ́ kò lè bá wa pe takisí ní Mádínà.

Ó wá ku ẹni tó wà nítòsí. Mo ronú kan obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa, tó máa ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Gbogbo ohun tó wà láàárín wa ni pé ó máa ń juwọ́ sí mi, èmi náà á juwọ́ sí i. Mo ronú kan pásítọ̀ wa, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa tóbi, nọ́ńbà ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń fún èèyàn, ọ́fíìsì á sì ní kó padà pè lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ronú kan àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. A jọ ń jẹ wáákyé lọ́sàn-án, a jọ ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó mọ ilé mi nínú wọn. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni iná lọ. Mo jókòó sínú òkùnkùn, ọbẹ̀ ń hó lórí gáàsì, ojú sì ń tì mí bí ẹni pé ẹnì kan ń wò mí. Àwọn èèyàn yìí ò burú. Ṣùgbọ́n ta ni èmi náà tíì sáré lọ bá rí nílùú yìí, tí ẹnì kan yóò fi sáré wá bá mi?

Níkẹyìn ni mo rántí ẹbí ọkọ mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Kokomlemle, nínú Àkrà níbí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi báírò lu bébà náà. "Ẹ̀gbọ́n Kokomlemle" ni mo kọ síwájú nọ́ńbà wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè wọ́n. Ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ, àwọn òbí mi sì tọ́ mi dáadáa. Síwájú ti ìyá mi, mo kọ "Mọ́mì Ìbàdàn". Síwájú ti ọkọ mi, "Dádì". Síwájú tèmi, "Mọ́mì". Mo kọ oògùn ibà àti ìwọ̀n tí wọ́n máa fún un. Mo kọ pé kí wọ́n má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, kí wọ́n kàn fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Mo kọ ọsibítù tí káàdì rẹ̀ wà. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, mo wò ó. Ó gún régé. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, kò sì balẹ̀.

Nígbà tí Màámi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí ìdí fìríìjì, mo ń kà á sí wọn létí.

"Màámi, ẹ wò ó, tèmi nìyí. Bí kò bá lọ, ẹ pe Ẹ̀gbọ́n. Bí Ẹ̀gbọ́n ò bá wá gbé e..."

"To, mo ti gbọ́. Ìyá Ọmọ, máa lọ, kí bọ́ọ̀sì má bàa já ẹ sílẹ̀. Ṣé èmi ò bímọ rí ni?"

"Màámi, ọ̀rọ̀ gìrì yìí ni mò ń sọ o."

"Kai! Gìrì wo ni mi ò rí rí? Allah ò ní jẹ́ ká rí i. Lọ, wallahi, lọ."

Wọ́n ṣí bébà náà kúrò lára fìríìjì, wọ́n ká a kéékèèké, wọ́n sì dì í mọ́ etí ìró wọn níbi tí wọ́n máa ń di owó ọkọ̀ sí. Ó dùn mí díẹ̀, torí mo ti fara balẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí mi, kóòkò ti kùn ún lẹ́nu. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ara rẹ̀ tutù.

Ọjọ́ yẹn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lálẹ́, Màámi fi fóònù sí ọmọ létí, ó sì kọ orin ilé ìwé rẹ̀ fún mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, mò ń ṣàlàyé fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà fi àyè ẹni tí a ó pè sílẹ̀ lófìfo. Ni fóònù mi bá dún. Màámi ni.

"Ìyá Ọmọ, ibà ti dé látìdájí, gìrì sì ti gbé e o. Ó ti fi í sílẹ̀, àmọ́ ọmọ ò lajú. A ti wà nínú takisí. Dumsor ò jẹ́ kí n rí fóònù mi ṣájì, kò sí nǹkan nínú ẹ̀ m..."

Dumsor ni wọ́n ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí. Fóònù Màámi kú mọ́ wọn lẹ́nu. Mo pè é padà, ohùn obìnrin kan sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé ẹni tí mò ń pè ò sí. Mo tún un pè, ohùn kan náà ló tún sọ ọ́, pẹ̀lú sùúrù kan náà, mo sì kórìíra obìnrin náà bí ẹni pé òun ló mú ọmọ mi lọ. Mi ò rántí ohun tí mo sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Mo kàn mọ̀ pé mo ti wà ní ibùdókọ̀, mo ń bẹ awakọ̀ pé kó má dúró de èrò mọ́, ó sì ń dá mi lóhùn pé, màdáámù, ó ku ẹni méjì kí ọkọ̀ ó kún.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì gbéra, mo pe ọsibítù tí káàdì ọmọ mi wà. Wọ́n wò ó fún mi, wọ́n ní ọmọ bẹ́ẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ àwọn lónìí. Mo pe Ẹ̀gbọ́n Kokomlemle. Wọ́n gbé e, wọ́n sì fi ọ̀yàyà kí mi.

"Ìyàwó wa! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ yín ò gbádùn, mi ò sí nílé."

"Yéè. Èkó ni mo wà o, Ìyàwó wa. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Ọkọ yín ò sọ fún yín ni?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo ìyẹn ná, mo dúpẹ́. Mo pe ọkọ mi, kò lọ. Mo pe ìyá mi nítorí pé mo fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, wọ́n sì figbe ta gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀, fóònù sì bọ́ sílẹ̀, mo ń gbọ́ wọn lókèèrè tí wọ́n ń ké pe Ọlọ́run. Gbogbo ẹni tó wà lórí bébà náà ni mo ti pè tán, a ò tíì dé Nkawkaw tó wà láàárín ọ̀nà. Ọkùnrin kan dìde láàárín ọkọ̀, ó ń wàásù, ó sì ń ta oògùn kan tó ní ó ń wo gbogbo àìsàn. Àwọn èèyàn ń rà á. Èmi náà rà á. Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀. Mo gbé ìgò oògùn náà lé itan, mo dì í mú títí a fi wọ Àkrà.

Ilé ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Obìnrin òdìkejì ilé wa jáde sí mi, kò juwọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó sọdá wá bá mi. Ó ní òun gbọ́ igbe ìyá àgbà náà láàárọ̀, òun sì sáré mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òun, àmọ́ kí òun tó jáde, takisí ti gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá tó wà lójú títì, tó sún mọ́ ilé jù. Ó ní ká ní òun ní nọ́ńbà mi ni, òun ì bá ti pè mí. Òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi débẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ kankan lójú ọ̀nà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń dá àwọn ọmọdé dúró sí. Mo sọ orúkọ ọmọ mi fún un, èyí tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, tí bàbá ọkọ mi sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí. Mo fi orúkọ bàbá rẹ̀ síwájú. Kò sí. Ìgbà náà ni mo rántí pé kò sẹ́ni tó ń pe ọmọ náà bẹ́ẹ̀ nílé. Oríkì tí ìyá mi fún un la fi ń pè é. Òun nìkan ni Màámi mọ̀, òun náà sì ni ọmọ máa ń dáhùn bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń jẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sórí bébà yẹn, mi ò kọ orúkọ ọmọ, mi ò kọ tèmi, mi ò kọ ti ẹnì kan. Ta ló ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lójoojúmọ́? Mo sọ oríkì náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Ó ní orúkọ ìdílé ni kọ̀ǹpútà ń fẹ́. Ó ní, ta ló gbé ọmọ wá?

"Ìyá àgbà kan ni," mo ní. "Àwọn ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Orúkọ wọn, màdáámù?"

Mo ṣí fóònù bí ẹni pé nǹkan ti lè yí padà níbẹ̀. "Màámi Mámobì" ni mo fi pa wọ́n mọ́. Mo mọ̀ pé orúnkún òsì máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ṣú. Mo mọ̀ pé wọn kì í fi ẹnu kan ẹja gbígbẹ. Mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́ kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n má bàa já lu èèyàn lójijì. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́.

"Ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀?"

Kò fi bú mi. Ó kàn ń bèèrè ni, ohun tó jẹ́ kó dùn mí jù nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé àrífín ni lọ́dọ̀ wa kí èèyàn wo ojú àgbà kó ní kí lẹ ń jẹ́? Pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún wọn tí mi ò fi béèrè? Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń jẹun ò gbé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n má bínú, òun ò lè jẹ́ kí n wọlé. Ó ní ẹnikẹ́ni lè dé láti ìta kó ní òun ni ìyá ọmọ, àwọn sì ní láti ṣọ́ra. Òótọ́ ló sọ. Ká ní ẹlòmíràn ló wá bèèrè ọmọ mi báyìí, ohun tí mo fẹ́ kí ó sọ fún un gan-an nìyẹn.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbé àpò lé ẹsẹ̀, mo sì sunkún. Ọmọ mi lè wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn. Ó sì lè má sí níbẹ̀, ó lè wà ní ọsibítù mìíràn, ó lè má tíì lajú, ó lè ti... Mi ò jẹ́ kí ọkàn mi parí ìyẹn. Ṣe ni mo ń ka orúkọ rẹ̀ méjèèjì nínú, èyí tilé àti ti káàdì, kò sì sí èyí tó lè ṣí ìlẹ̀kùn fún mi.

Ìlẹ̀kùn náà ló ṣí fúnra rẹ̀. Màámi ló jáde, ìborùn wọn ti wọ́ sí èjìká, wọ́n mú omi inú ọ̀rá dání, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣe àlùwàlá. Wọ́n rí mi.

"Ìyá Ọmọ! O ti dé? Ó ti lajú, ó ti lajú, má sunkún mọ́. Ó tiẹ̀ ti bèèrè kóòkò!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ó fi Twi bi Màámi bóyá wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, ìyá ọmọ nìyí.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Màámi wo ojú mi, mo wo tiwọn. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń wá a nínú orí wọn, tí wọn ò rí i.

"Ìyá Ọmọ ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé àgbọ̀n sókè sí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó wo èmi, ó wo àwọn, ó mi orí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ọmọ mi ń sùn. Wọ́n fi omi sí i lára, iwájú orí rẹ̀ sì tutù bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ojú lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Màámi dúró lẹ́yìn mi, wọ́n rọra ń ṣàlàyé, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Wọ́n ní kí n mú orúkọ bàbá ẹ̀ wá. Mo tú ìwé ẹ fún wọn. Nọ́ọ̀sì kà á, ó ní Mọ́mì, Dádì, Ẹ̀gbọ́n, ó ní àwọn wo nìyẹn? Mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe tìẹ títí, kò wọlé. Wọ́n ní bí kò bá sí orúkọ, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ni mo bá ní ọmọ-ọmọ mi ni, kí wọ́n kọ tèmi sí i. Ìyá Ọmọ, má bínú o. Ṣé mo ṣẹ̀?"

"Màámi, ẹ ò ṣẹ̀," mo ní. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Allah, wọ́n sì mú omi wọn, wọ́n lọ kírun. Ọ̀já ránpẹ́ kan wà lọ́rùn ọwọ́ ọmọ mi, irú èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí. Mo rọra yí ọwọ́ náà síbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, wọ́n ṣì í kọ díẹ̀. Orúkọ kan tẹ̀ lé e tí mi ò rí rí láyé mi. Mo kà á, mo tún un kà, mo pè é sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ó lè mọ́ mi lẹ́nu. Ọwọ́ ọmọ mi ni mo ti ka ohun tí Màámi ń jẹ́.